Òfin Mẹ́rin Tí Tadjoudine Fi Ń Mọ Olè

Láti Bingerville títí dé ìpẹ̀kun Niangon, kò sí ẹni tó mọ ènìyàn bí Tadjoudine, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí ojú àwọn tó mọ̀. Nọ́ńbà wọn ló ń wò. Ó jókòó sí àjà kọkànlá nínú ilé gíga kan ní Plateau, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń mú kí eyín gbá eyín ní ọ̀sán gangan. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn ará Abidjan sì ń kọjá níwájú rẹ̀ bí èèrà tó ń lọ sóko. Fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, jẹ́ kí ó wo ìgbà tí ẹni náà ń pe ènìyàn, ibi tó wà nígbà tó ń pè, àti bó ṣe ń pẹ́ tó lórí ẹ̀rọ. Yóò sọ fún ọ pé ọkùnrin ni, ó ní ìyàwó méjì, ìyàwó kejì ń gbé ní Yopougon, ìyálé kò sì tíì gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó mọ ẹni tí inú ń run láti inú iye ìgbà tó pe ilé láàárọ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kí ó lọ bi ilẹ̀ Treichville léèrè. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti Paris dé jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ àti sí òsì rẹ̀, wọn kò rí ìdá mẹ́wàá ohun tó ń rí, nítorí ohun tí a bá fi ojú kọ́ lọ́jà, kò sí ilé-ìwé tó ń tà á.

Ọjà náà ni ọjà ńlá Treichville, nídìí abọ́ tánńganran Alhaji Sàlíhù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Tadjoudine nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Sàlíhù mú un sọ́dọ̀, ó sì di bàbá fún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin yìí. Ó ti dé Abidjan kí ilé gíga kankan tó gbórí sókè ní Plateau, nígbà tí ènìyàn ṣì lè dúró lórí àpótí kó rí òkun. Ó máa ń sọ fún ọmọ náà pé kí ó má gbọ́ ti ẹnu oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ó máa wò. Obìnrin tó bá fi èékánná ta abọ́ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, òun ni yóò rà á. Èyí tó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, oòrùn ló ń sá fún. Kí Tadjoudine tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti lè tọ́ka sí obìnrin tó kọjá láìra nǹkan pé yóò padà wá kí wọ́n tó kírun àsárì, obìnrin náà yóò sì padà wá. Sàlíhù rán an lọ sí ilé-ìwé títí dé Bingerville. Ọmọ náà ló wá di ojú gbogbo àgbàlá wọn ní Treichville nínú ọ̀rọ̀ Faransé: lẹ́tà tí ìjọba bá kọ, òun ni yóò kà á.

Ọdún 2004 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó wà ní Plateau yẹn gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi gba ojú ọ̀gá rẹ̀, Madame Huguette, ni ti àwọn obìnrin Niangon. Ó ṣàkíyèsí pé láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ títí dé mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní alẹ́, nígbà tí abọ́ ti mọ́, tí ọkọ sì kọjú sí ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n máa ń pe àwọn àbúrò àti ọ̀rẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gé e kúrú nítorí owó. Ó ní kí wọ́n dín owó ìpè kù ní àkókò yẹn nìkan. Láàárín oṣù kan, etí àwọn obìnrin Niangon gbóná débi pé wọ́n lè fi lọ aṣọ. Huguette ní irú ojú báyìí kì í ṣe ti ọjà títà nìkan, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olè.

Olè kan wà lóde nígbà náà tí kì í gun ògiri. Yóò gba yàrá kan, yóò ra àpótí ẹ̀rọ kan tó ń gba síìmù bí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síìmù tí àwọn ará Abidjan ń pè ní puce. Bí ènìyàn bá pe Abidjan láti òkè òkun, olè yìí yóò gba ìpè náà lójú ọ̀nà Íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sì mú un jáde láti inú àpótí rẹ̀ bí ẹni pé ará àdúgbò ló ń pe ará àdúgbò. Owó ìlú òkèèrè á bọ́ sápò rẹ̀, kò ní kan ilé-iṣẹ́, kò ní kan ìjọba. Huguette fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa mú irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tadjoudine kò lò ju àárọ̀ kan lọ. Òfin mẹ́rin ló kọ. Orúkọ kan tó ní nọ́ńbà púpọ̀. Nọ́ńbà tí kì í kúrò lójú kan. Nọ́ńbà tó ń pe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kì í pè. Nọ́ńbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ kíkọ ránṣẹ́. Ẹni tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé sí lára, ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Huguette fi karùn-ún kún un, tirẹ̀ kì í ṣe ti olè: ẹni tó ń wo ìwà àwọn oníbàárà kò gbọdọ̀ rí orúkọ wọn, kí ojú àánú tàbí ojú ìbátan má bàa wọ̀ ọ́. Fáìlì yóò jáde láìní orúkọ, Tadjoudine yóò fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn yóò so orúkọ mọ́ ọn, yóò sì di ti ọlọ́pàá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2010, òfin náà mú ọkùnrin kan nínú ilé ńlá kan ní Bingerville, òun àti àpótí rẹ̀, àti síìmù mẹ́tàlélógójì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Tadjoudine ní àjà kọkànlá, wọ́n ra kéèkì. Ní oṣù karùn-ún, fáìlì kejì jáde. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lábẹ́ orúkọ kan tí wọ́n fi pamọ́, àdúgbò Treichville. Ó rí i pé Treichville ni. Àmọ́ ta ló mọ iye ènìyàn tó ń mí ní Treichville? Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ó fọwọ́ sí i, ó sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ kẹta, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà pè é pé obìnrin kan ń béèrè rẹ̀ nísàlẹ̀. Jẹ̀mílà ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àgbàlá wọn. Ó ń ta ìpè tẹlifóònù ní ẹnu ọ̀nà ọjà: tábìlì kan, agbòòrùn kan, ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kí ẹni tó bá fẹ́ pe ènìyàn wá sanwó kí ó pè. Kabíínì ni gbogbo Abidjan ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni Jẹ̀mílà máa ń fi Tadjoudine ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé, ọ̀gá Plateau ló ń pè é. Lọ́jọ́ yìí kò ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé ọmọ pọ̀n, bàtà rẹ̀ kò bá ara wọn mu.

"Ẹ̀gbọ́n Táájù, wọ́n ti mú Bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá mélòó la ní? Ọlọ́pàá mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí Bàbá mú ẹ̀rọ náà wá. Bàbá mú abọ́ kan wá fún wọn."

Ó bi í pé ẹ̀rọ wo. Jẹ̀mílà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn oníkabíínì mẹ́tàdínlógún tó wà nínú àgbàlá àti ní ẹ̀yìn rẹ̀, orúkọ Bàbá ló wà lórí síìmù gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba síìmù kabíínì gan-an gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlú. Nínú wọn, àwọn kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá lórí ọkọ̀ ẹrù, àwọn kan sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville gan-an tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbì kankan. Ìwé ìgbélùú Alhaji nìkan ló pé. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá á bá a lọ, á fi ìwé tirẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á gba síìmù lásán, kì í ṣe ti kabíínì, ọ̀rọ̀ á parí.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun gbogbo," ni Jẹ̀mílà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Òótọ́ ni pé kò mọ̀. Lójú Sàlíhù, kíkọ orúkọ rẹ̀ sórí síìmù dà bí ìgbà tí ó dúró bíi bàbá níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ tí kò ní bàbá. Sàráà ni, sàráà tí ọwọ́ ọ̀tún bá sì ṣe, òsì kò gbọdọ̀ gbọ́. Tadjoudine tó ń ka lẹ́tà ìjọba fún gbogbo ilé kò sì lè bi àgbà léèrè ohun tó lọ fọwọ́ sí. Nínú gbogbo àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Abidjan, ẹni tó ní ìwé ló ń ní ìwé fún gbogbo ilé. Ó mọ èyí láti kékeré. Kò rántí rẹ̀ láàárọ̀ tó kọ òfin mẹ́rin.

Ní kọmísáríà, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Séraphin ló gbà á. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún un ní àga. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí kò bá sí àpótí, a jẹ́ pé ènìyàn ló ni nọ́ńbà wọ̀nyí. Kí Anago àgbà náà, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Abidjan, dárúkọ wọn, kí wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé wọn, òun yóò sì fi ọkọ̀ òun gbé bàbá lọ sílé. Tadjoudine mọ ohun tí "pẹ̀lú ìwé wọn" túmọ̀ sí. Ọdún ìdìbò ni. Ẹni tí kò níwèé ní ọdún yẹn, òjìji rẹ̀ pàápàá ń bẹ̀rù láti tẹ̀lé e.

Sàlíhù wà lórí ilẹ̀ nínú yàrá kan tó ń rùn. Ó ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà wà lára rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà nílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kọjá bàtà. Tadjoudine dọ̀bálẹ̀ nínú ìdọ̀tí náà, kò sì tètè dìde.

"Bàbá, èmi ni."

"Mo rí ọ."

"Èmi ni mo kọ òfin tó mú yín. Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i."

Sàlíhù béèrè bóyá òfin náà dára. Tadjoudine ní ó dára. Ó béèrè bóyá ó mú olè. Tadjoudine ní ó mú ọ̀kan.

"Ó kù díẹ̀ kó dára nígbà náà," ni bàbá wí. "Gbọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ẹni tó ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn, o ò mọ̀ wọ́n. Mo kọ́ ọ ní ìwà oníbàárà kí o lè tajà fún un. N kò kọ́ ọ kí o lè fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́."

Tadjoudine ṣèlérí. Ó padà sí Plateau, ó ṣí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún, ó sì wò wọ́n títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́, ó lè dárúkọ wọn láti inú ìwà wọn, níkọ̀ọ̀kan. Ó mọ èyí tó ń pe ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ó mọ èyí tó ń dẹ́kun iṣẹ́ ní ọ̀sán láti fún ọmọ lọ́mú, Jẹ̀mílà ni. Ó fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó ń wá ni ìwà kan tó lè fi hàn pé ènìyàn ni wọ́n, láìfi ẹni tí wọ́n jẹ́ hàn.

Ọjọ́ kejì ló rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sán, àti ẹ̀ẹ̀mejì sí i ní àṣálẹ́, nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún máa ń dákẹ́ papọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ìṣẹ́jú. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n dákẹ́ láti aago méjìlá ààbọ̀ títí dé aago méjì. Ó lọ wo nọ́ńbà olè Bingerville: kò dákẹ́ rí. Ẹ̀rọ kì í kírun. Tadjoudine rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sáré gbé e lọ fún Huguette.

Huguette kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ọlọgbọ́n ni. Ó ní kí ó kọ ọ́ dáadáa fún ọlọ́pàá, kí ó sì ya ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń dúró sí, kí wọ́n lè rí i pé tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n, kì í ṣe yàrá kan. Tadjoudine wo ìwé náà bóyá orúkọ kankan wà níbẹ̀. Kò sí orúkọ kankan. Ó rántí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó fi àmì mẹ́tàdínlógún sórí àwòrán Treichville, ó kọ aago tí wọ́n ń dákẹ́ àti aago tí wọ́n ń padà sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n tú Sàlíhù sílẹ̀. Rafiatou, ìyàwó rẹ̀, gbé omi gbígbóná fún un, ó gún un lábẹ́rẹ́, gbogbo àgbàlá ṣe "Alhamdulillahi" tí wọ́n gbọ́ dé Port-Bouët. Jẹ̀mílà kúnlẹ̀ kí Tadjoudine, ó ní láti òní lọ òun kò ní pè é ní ọ̀gá Plateau mọ́, ọ̀gá Abidjan ni yóò máa jẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, nígbà tí àwọn obìnrin ti mọ́sálásí padà sí ìdí tábìlì wọn, ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì wọ àdúgbò ọjà. Wọn kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lọ láti àmì kan sí òmíràn bí ẹni ń ká ìlẹ̀kẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n kó. Mẹ́fà tó kù ti pẹ́ lójú ọ̀nà mọ́sálásí, ìyẹn ló yọ wọ́n. Jẹ̀mílà di ẹ̀rọ rẹ̀ mú, wọ́n fi irin gé ṣéènì náà, wọ́n gbé òun àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Tadjoudine sáré dé kọmísáríà, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Séraphin dìde fún un, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Patron, ìwé rẹ dára. A kò wá ẹnikẹ́ni kiri. Aago rẹ la tẹ̀lé."

Ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Séraphin ní ọ̀rọ̀ olè ti tán, ọ̀rọ̀ ìwé ìlú ló kù, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ òun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ̀ kan ti kó wọn lọ sí ẹnubodè Ghana, kí wọ́n ti ibẹ̀ wá ọ̀nà dé ilé wọn. Márùn-ún nínú wọn kò tíì fi ojú kan ilé tí wọ́n ní kí wọ́n lọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. A gbọ́ ìròyìn àwọn mẹ́wàá lẹ́yìn náà. A kò gbọ́ ti Jẹ̀mílà àti ọmọ rẹ̀.

Sàlíhù ránṣẹ́ pe Tadjoudine. Orí ẹní ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ wíwú náà síwájú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

"Ìwọ lo sọ ìgbà tí a ń kírun fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kí wọ́n lè tú yín sílẹ̀ ni. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́."

Ó ní kí Rafiatou fún àlejò ní omi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ létí Tadjoudine nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí Tadjoudine bá wọ àgbàlá, wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á béèrè àlàáfíà rẹ̀, bàbá á sì wọ yàrá lọ. Àwọn obìnrin mẹ́fà tó kù padà sí ẹnu iṣẹ́ ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, orúkọ ta ni wọ́n fi gba síìmù, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n ó rí wọn lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà wọn kì í dákẹ́ papọ̀ mọ́. Wọ́n ń kírun ní ẹyọ-ẹyọ, ọ̀kan á máa ṣọ́ tábìlì èkejì, wọ́n ń fi ìrun sá fún un. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Huguette sọ ọ́ di ọ̀gá kékeré. Ó fi ọ̀rọ̀ ìrun kún òfin, ó di kẹfà. Nígbà tó sì di oṣù Ramadan, ó gbé nọ́ńbà gbogbo ẹni tó ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ jáde, ilé-iṣẹ́ sì ń fi ìkíni àti ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí wọn gẹ́lẹ́ bí wọ́n bá ti sálámà tán. Wọ́n tà púpọ̀. Tadjoudine kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé òun ń ṣọ́ àgbàlá náà láti ibẹ̀. Ó fi nọ́ńbà àwọn ará ilé sí igun kan lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, òfin kò gbà á láàyè, ó sì máa ń wò wọ́n kí ó tó mu kọfí.

Ìdìbò kọjá, ìlú dà rú, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Abobo. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kìíní ọdún 2011, ó dé ẹnu iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ, ó sì wo igun náà. Nọ́ńbà Rafiatou, tí kì í pe ju ènìyàn méjì lọ lóòjọ́, ti pe ènìyàn mọ́kànlélógójì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kò sí èyí tó pé ìṣẹ́jú kan. Adjamé, Bingerville, Bouaké, Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn ìpè wọ̀nyẹn, nọ́ńbà tó wà ní Adjamé bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ti Bingerville náà ń rìn, gbogbo wọn ń bọ̀ ní Treichville, wọ́n sì ń dúró lójú kan.

Ó mú tẹlifóònù tirẹ̀ jáde, ó wò ó. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Kò dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó fi ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ àjà mọ́kànlá, ó rìn kọjá afárá láàárín àwọn ṣọ́jà, ó dé àgbàlá. Wọ́n ti wẹ Bàbá tán, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, àwọn àgbààgbà Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń tò fún ìrun òkú. Rafiatou rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó sún fún un lórí ẹní, ó ní kí ó jókòó, kí ó bọ́ bàtà rẹ̀, kí ó lọ ṣe àlùwàlá.

Kò sí ẹni tó bi í pé ta ló sọ fún un.